Ọkọ̀ Tí Wọ́n Mọ̀ọ́mọ̀ Rì: Ohun Tí Àwọn Òmùwẹ̀ Ń Wá Lọ Sínú Rẹ̀, àti Ìdí Tí Àwọn Kan Kò Fi Jáde Mọ́

Àwa tí à ń tajà, tí a sì ń kọ ìròyìn fún yín níbí, tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ omi la gbé wá.

Fídíò kan wà tó máa ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Ọkọ̀ ogun ńlá kan dúró sójú òkun, ìbúgbàù dún lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín rú, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọmi díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi sí mọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kéékèèké nítòsí ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó yèè. Ẹni tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ á ní, "Ṣé orí àwọn èèyàn yìí pé ṣá? Irin tó pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí wọn ò tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù?" Àwa náà, tó jẹ́ pé ọjà la mọ̀, owó irin yẹn la kọ́kọ́ ń ṣírò.

Orí wọn pé o. Ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì yìí ń di ilé fún ẹja, ó ń mówó wọ ìlú, ó sì ń di ibi tí àwọn èèyàn ń lọ ṣe fàájì lábẹ́ omi. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ kan náà yìí ti pa àwọn tó mọ omi dáadáa. Ohun tí a fẹ́ là yé ara wa lónìí ni bí ohun tí wọ́n tún ṣe kó má baà pa èèyàn ṣe tún lè pa èèyàn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan àwa tí à ń gbé lẹ́bàá omi ní ìpínlẹ̀ oníìpínlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń wá iṣẹ́ lórí omi.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ri ọkọ̀?

Ẹja ò fẹ́ràn ilẹ̀ gbalasa. Bí ìsàlẹ̀ òkun bá jẹ́ kìkì iyanrìn, ẹja díẹ̀ ló máa ń gbé ibẹ̀, torí kò síbi tó lè sá pamọ́ sí, kò sì sí ohun tí oúnjẹ rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́. Àwọn apẹja tiwa mọ èyí tipẹ́. Ní ọ̀sà Kútọnu àti ní ọ̀sà Èkó, wọ́n máa ń ki ẹ̀ka igi bọ ilẹ̀ omi, kí ẹja lè wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Tó bá yá, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á sì kó ẹja. Ní ìhà Kútọnu, acadja ni wọ́n ń pe ibi bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n rì, acadja onírin ńlá ni. Ewé inú omi á hù sí i lára, àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ní ìkarahun á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ẹ̀dá tó jọ iyùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé wọn sí i, ẹja kékeré á wá jẹ, ẹja ńlá á sì wá jẹ ẹja kékeré.

Ìdí kejì ni owó. Àwọn èèyàn wà lágbàáyé tó jẹ́ pé fàájì tiwọn ni kí wọ́n gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, kí wọ́n mòòkùn lọ wo ohun tó wà lábẹ́ òkun. Wọ́n á san owó ọkọ̀ tó gbé wọn lọ, owó hòtẹ́ẹ̀lì, owó oúnjẹ, owó ẹni tó mú wọn káàkiri. Ìlú kékeré tó bá ní ọkọ̀ rírì tó dáa ní ìtòsí, ọjà ti dé bá a nìyẹn.

Ìdí kẹta ni pé àpáta iyùn tí Ọlọ́run dá ń sinmi. Ní gúúsù ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, àwọn àpáta yìí pọ̀, àwọn òmùwẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ tó fara kàn án, ẹsẹ̀ tó gbá a, gbogbo rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ tí wọ́n lè lọ wò, ìyà orí àpáta á dín kù.

Ìdí kẹrin, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti gbó, tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tó ń jẹ owó ìtọ́jú. Ẹni tó bá bá wọn gbé ọ̀kan kúrò, ó bá wọn gbé ẹrù ni.

Ìtàn ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò rì bí wọ́n ṣe fẹ́

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan ṣoṣo ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ ni Spiegel Grove. Orúkọ ilé Rutherford B. Hayes, ẹni tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n kọ́ ọ ní àárín àwọn ọdún 1950 láti máa kó ọmọ ogun àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ń gbé wọn lọ sí etíkun. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 155 mítà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù kan àti ààbọ̀. Ní ọdún 1989 wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì, wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Virginia pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti darúgbó.

Àwọn ará Key Largo ní Florida ní kí wọ́n fún àwọn. Ó gba wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ìwé tó pé àti kí owó tó pé, torí owó gbogbo iṣẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Níkẹyìn, wọ́n wọ́ ọ wá sí ojú òkun Key Largo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002.

Ètò wọn ni pé kí ọkọ̀ náà wọmi jẹ́jẹ́, kó sì fìdí lélẹ̀ bí ìgbà tó wà lójú omi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rì wákàtí mélòó kan ṣáájú àkókò tí wọ́n dá fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ní láti yára sá kúrò. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó yí dànù, ó wá dorí kodò. Ìdí rẹ̀ kanlẹ̀, imú rẹ̀ wá yọ síta lójú òkun. Ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe fàájì ti di ewu fún ọkọ̀ tó ń kọjá.

Wọ́n ní láti tún wá owó mìíràn, wọ́n sì gbé àwọn tó mọ iṣẹ́ gbígbé òkú ọkọ̀ wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní oṣù Kẹfà, wọ́n rí i yí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn sórí iyanrìn. Bẹ́ẹ̀ ló wà fún ọdún mẹ́ta. Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ Olúwa: ní oṣù Keje ọdún 2005, ìjì líle kan tí wọ́n sọ ní Dennis kọjá ní agbègbè náà. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ padà síbẹ̀, ọkọ̀ náà ti dìde, ó ti fìdí jókòó dáadáa bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjì gbé ohun tó gùn tó 155 mítà nídìí. Ẹni tó bá rò pé nǹkan tó wà lábẹ́ omi kì í mira, kó ronú sí èyí.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ń ṣe oríkunkun bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ọdún mẹ́rin géérégé lẹ́yìn ti Spiegel Grove, wọ́n ri Oriskany sí ojú òkun Pensacola, ní Florida kan náà. Oriskany jẹ́ ọkọ̀ ogun tí bàálù ń bà lé lórí. Ìṣẹ́jú 37 ló fi rì, ó sì fìdí jókòó ní nǹkan bí 65 mítà sísàlẹ̀. Ní ọdún 2009, Vandenberg tí wọ́n rì sí ìtòsí Key West kò lò tó ìṣẹ́jú 2.

Wọn kì í kàn jù ú sómi

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyí. Bọ́ǹbù tó ń dún nínú fídíò, ìparí iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ gidi ti gba oṣù tàbí ọdún.

Wọ́n á fa gbogbo epo inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fọ àwọn táǹkì. Wọ́n á yọ wáyà, torí ọ̀pọ̀ wáyà ọkọ̀ àtijọ́ ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PCB nínú ohun tó bo ara wọn. PCB kì í tètè bàjẹ́, ó máa ń wọ ara ẹja, á sì ti ara ẹja wọ ara èèyàn. Amẹ́ríkà ti fòfin de ṣíṣe é láti ọdún 1979. Wọ́n á yọ asbestos tí wọ́n fi ń dènà iná àti ooru. Wọ́n á kó gbogbo ohun tó lè léfòó kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ro ti àwọn òmùwẹ̀. Wọ́n á yọ ilẹ̀kùn tàbí kí wọ́n jó o pa pẹ̀lú iná wẹ́dà. Wọ́n á gé ihò ńlá sí ara ọkọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí ẹni tó bá wọbẹ̀ sì lè rí ibi tó máa gbà jáde. Wọ́n á gé irin tó yọ ṣóńṣó dànù. Wọ́n á dí ojú ọ̀nà sí àwọn ibi tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé.

Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń ṣàríwísí. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Basel Action Network sọ pé ó sàn kí wọ́n gé ọkọ̀ náà, kí wọ́n lo irin rẹ̀, dípò kí wọ́n fi òkun ṣe ààtàn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú Oriskany tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, PCB tó tó nǹkan bí 700 pọ́n-ùn ṣẹ́ kù sínú wáyà tí wọn ò lè yọ tán. Àdéhùn àgbáyé ti London, ọdún 1972, fòfin de kí èèyàn máa da pàǹtí sókun. Ó fàyè gba kí wọ́n gbé nǹkan sínú òkun bó bá ní ìwúlò mìíràn tó ju dídà á nù lọ. Láàárín méjèèjì yìí, ojú ẹni ló máa là á.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fort Lauderdale, ní Florida yẹn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n da táyà àlòkù tó tó mílíọ̀nù méjì sókun pé ẹja á fi ṣe ilé. Ohun tí wọ́n fi dì wọ́n já. Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri pẹ̀lú ìjì, ó ń lu àpáta iyùn tí Ọlọ́run dá, ó ń fọ́ ọ. Ní ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn òmùwẹ̀ ológun lọ kó o jáde. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ da pàǹtí sí odò tàbí òkun yín, tó sì ń pè é ní ilé ẹja, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ìwé iṣẹ́ ìfọ̀ hàn yín.

Ìṣirò afẹ́fẹ́

Ọkọ̀ ti rì, ó ti mọ́, ẹja ti dé. Báwo ni èèyàn ṣe ń lọ wò ó?

Òmùwẹ̀ á gbé sìlíńdà pọ̀n, rọ́bà kan á ti orí rẹ̀ wá sí ẹnu. Á wọ gíláàsì tó bo ojú àti imú, á wọ bàtà rọ́bà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ní Spiegel Grove, okùn wà tí wọ́n so láti ara ọkọ̀ náà wá sí ojú omi. Okùn yìí ni wọ́n máa ń dì mú sọ̀ kalẹ̀, torí omi ibẹ̀ máa ń ṣàn gan-an, ó lè gbé èèyàn lọ kó tó mọ̀. Tí wọ́n bá dé nǹkan bí 20 mítà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rí orí ọkọ̀. Iyanrìn tó jókòó lé tó 40 mítà sísàlẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fún òmùwẹ̀ aláfẹ́, 18 mítà ló mọ. Ìkejì dé 30 mítà. Kò sí òmùwẹ̀ aláfẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá 40 mítà. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò ọjà.

Afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa ń tẹ̀ wá nígbà gbogbo, àmọ́ ó ti mọ́ wa lára. Tí èèyàn bá wọmi dé 10 mítà, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn á di ìlọ́po 2. Ní 20 mítà, ìlọ́po 3. Ní 30 mítà, ìlọ́po 4. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu òmùwẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní afẹ́fẹ́ tó lágbára tó omi tó ń tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyà rẹ̀ ò ní lè ṣí. Ìyẹn ni pé bí ó bá mí ẹ̀ẹ̀kan ní 30 mítà, ó ti lo afẹ́fẹ́ tó yẹ kó fi mí ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí ilẹ̀.

Sìlíńdà tó jẹ́ 12 lítà, tí wọ́n bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dé 200 bar, ó ní 2,400 lítà afẹ́fẹ́ nínú. Ẹni tó ń mí 20 lítà ní ìṣẹ́jú kan á lò ó fún wákàtí 2 lórí ilẹ̀. Ní 30 mítà, 30 ìṣẹ́jú ló máa fi tán. Bí ẹ̀rù bá sì bà á, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ ní ìlọ́po méjì, ìṣẹ́jú 15 ni. Nínú ìṣẹ́jú 15 yẹn, ó tún gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà, kó sì gòkè.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń wọ inú ọkọ̀ fi ń pín afẹ́fẹ́ wọn sọ́nà mẹ́ta: ìdá kan fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, ìdá kan tí wọn ò ní fọwọ́ kàn rárá àfi tí wàhálà bá dé. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń lọ ra ọjà ní ìlú mìíràn, ẹ mọ ohun tí à ń wí. Ẹni tó bá ná owó mọ́tò ìpadàbọ̀ sórí ọjà, gáréèjì ló máa sùn. Ṣùgbọ́n kò sí gáréèjì tí èèyàn lè sùn sí lábẹ́ omi.

Ìgò mínírà àti Harrison Okene

Kò tán síbẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni nitrogen. Lórí ilẹ̀ kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Lábẹ́ omi, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ á máa tì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Tí èèyàn bá ti ń tó 30 mítà, nitrogen yìí lè pa á bí ọtí. Ẹlòmíràn á máa rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á gbàgbé láti wo aago afẹ́fẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò ní mọ̀ pé ojú òun ò dá mọ́.

Ìgbà tó bá fẹ́ gòkè ni èkejì. Ẹ rántí ìgò mínírà. Nígbà tí ìdérí wà lórí rẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ ṣí i lójijì, ó hó yeruyeru. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ òmùwẹ̀ tó bá sáré gòkè. Nitrogen á hó nínú ara rẹ̀, ó lè dá oríkèé ró, ó lè rọ ẹsẹ̀, ó lè pani. Nítorí náà ni wọn kì í fi í gòkè ju nǹkan bí 9 mítà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á tún dúró ní 5 mítà fún ìṣẹ́jú 3, kí ara lè tú u jáde jẹ́jẹ́. Wọn kì í sì í dá èémí dúró nígbà tí wọ́n bá ń gòkè, torí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró á máa wú, ó sì lè bẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Warri, ẹ ò ní nílò àpẹẹrẹ láti òkèèrè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé ní ojú òkun Escravos. Ìjàǹbá lásán ni tiẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ rì í. Ọ̀gbẹ́ni Harrison Okene tó jẹ́ alásè inú ọkọ̀ náà rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sí igun yàrá kan ní nǹkan bí 30 mítà sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló wà fún nǹkan bí 60 wákàtí kí àwọn òmùwẹ̀ tó wá kó òkú tó bá a láàyè. Àwọn mọ́kànlá tó kù kò yè é.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé bí wọ́n bá fà á gòkè tààrà nítorí ayọ̀, wọn ì bá ti pa á. Ara rẹ̀ ti kún fún nitrogen. Inú yàrá onírin tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ó sì lo nǹkan bí ọjọ́ méjì níbẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, Okene fúnra rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀.

Inú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ìta ọkọ̀

Ẹni tó bá dúró síta ọkọ̀, tí nǹkan bá yíwọ́, ojú omi wà lókè rẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀, irin ló wà lókè rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ló ń pààyàn.

Lóòótọ́ ni wọ́n gé ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gùn tó 155 mítà kì í ṣe yàrá kan àti pálọ̀. Yàrá ń ti inú yàrá wọ yàrá, àtẹ̀gùn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kankan kì í dé. Ìpẹtà irin àti ẹrẹ̀ tó dà bí lẹ́búlẹ́bú wà nílẹ̀ gbogbo ibẹ̀. Tí ẹsẹ̀ rọ́bà bá gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó máa rú. Omi tó mọ́ gaara ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn á di dúdú. Tọ́ọ̀ṣì ò ní ríran nínú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn tan iná mọ́tò sínú kùrukùru. Ẹnu ọ̀nà tí èèyàn gbà wọlé wà níbẹ̀ o, òun ni kò ní rí i mọ́.

Nítorí èyí ni àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà fi ń so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìta ọkọ̀, wọ́n á máa tú u bí wọ́n ṣe ń lọ. Bí ojú ò bá ríran mọ́, ọwọ́ á máa tọ okùn náà títí á fi jáde.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, ọkùnrin mẹ́rin tó ti ìpínlẹ̀ New Jersey wá mòòkùn lọ sí Spiegel Grove. Wọn kì í ṣe ọmọdé nínú omi. Wọ́n wọ inú ọkọ̀ náà lọ jìnnà, wọn ò so okùn. Ọ̀kan nínú wọn jáde. Àwọn mẹ́ta kò jáde láàyè. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ omi á dúró sétí bèbè, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń wọ ibi tó jìn.

Okùn wà lára ọjà tí àwa ń tà. A mọ iye tó ń jẹ́. Kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán fún ẹni tó lè san owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Florida. Kì í ṣe owó ni wọn ò fi rà á. Ohun tó ń tan irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ti tún ọkọ̀ náà ṣe, wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Ó rò pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ibi tí wọ́n là sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn dé ibi tí òun ń lọ. Kò dé ibẹ̀.

Kí ló wá kàn wá?

Ọkọ̀ tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n gé ihò sí, tí wọ́n yọ wáyà rẹ̀, pa èèyàn mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Ẹ wá fi wé òkú ọkọ̀ tó wà nínú omi tiwa, láti Èkó dé Warri, dé Port Harcourt. Àwọn kan jẹ́ ìjàǹbá, àwọn kan sì jẹ́ èyí tí àwọn tó ni ín pa tì. Kò sẹ́ni tó fọ̀ wọ́n. Epo wà nínú àwọn mìíràn, wáyà àti okùn rọ̀ káàkiri, ilẹ̀kùn wọn lè dé mọ́ èèyàn. Omi ibẹ̀ kò sì mọ́ bí ti Florida. Ìjọba ní àwọn tó wà fún irú iṣẹ́ yìí, NIMASA wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni bá fi owó lọ ọmọ yín pé kó mòòkùn wọ inú ọkọ̀ tó rì lọ yọ irin, lọ so okùn, tàbí lọ wá ẹrù, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

Ìkíní: ta ló kọ́ ọmọ yìí, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì dé mítà mélòó? Mímọ odò wẹ̀ láti kékeré kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Ìkejì: afẹ́fẹ́ wo ló máa mí? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kò dára fún un. Èéfín ẹ́ńjìnnì lè bá afẹ́fẹ́ wọ inú rọ́bà, ó sì lè dá a kú kó tó mọ̀.

Ìkẹta: ta ni èkejì rẹ̀ nínú omi, ta ló sì ń ṣọ́ ọ lójú omi?

Ìkẹrin: níbo ni yàrá onírin ìtọ́jú tó sún mọ́ wọn jù wà, ta ló máa gbé e dé ibẹ̀?

Ìkarùn-ún: okùn dà?

Tí ẹni yẹn bá ń bínú sí ìbéèrè yín, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ gidi wà o, ó sì ń mówó wọlé. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa kì í bínú bí wọ́n bá béèrè irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ wọn, torí ojoojúmọ́ ni àwọn náà ń bi ara wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá pè yín lọ wo ọkọ̀ abẹ́ omi, ẹ lọ. Ẹ kọ́ ọ, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ dúró sí ibi tí ìwé yín mọ. Ìta ọkọ̀ náà nìkan tó wò fún ọjọ́ kan: ẹja ńláńlá tó ń rìn lọ rìn bọ̀ níbi tí ọmọ ogun ti ń tò rí, àti àwọn ẹ̀dá tó jọ iyùn tó ti bo irin tí wọ́n fẹ́ sọ nù.

Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá jẹun nílẹ̀ onílẹ̀, a mọ̀ pé ẹni tó bá wọ ìlú tí kò mọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tó gbà wọlé. Bí omi ṣe rí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ wa ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí ìjàǹbá omi. Ó dìgbà kan ná.